Ogójì Ẹṣin

Kò sẹ́ni tó rí ẹṣin rí lábúlé wa
àfi nínú ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́,
síbẹ̀ ogójì ẹṣin ni wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan
tí Wassillie gbé kọ́ sórí pákó ní Bẹ́tẹ́lì,
Bẹ́tẹ́lì ti Alásíkà, tí àkàsọ̀ kankan kò ti ibẹ̀ gòkè ọ̀run,
bí kò ṣe ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó gbé wa wá,
èmi àti Evon ọkọ mi,
àti ìwé ìṣirò mi nínú àpò ẹ̀wù onírun.

Ọ̀kan jẹ́ àlòkù.
Ẹgbẹ̀ẹ́dógún dọ́là.
Òróró la ó máa pò mọ́ epo kó tó mu ún,
ohùn rẹ̀ bí ẹni ń fa aṣọ ya.
Evon fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ ajá.
Irú rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ lò. Irú rẹ̀ ló lè tú palẹ̀
lórí iyanrìn etí odò, pẹ̀lú ọ̀bẹ àti wáyà,
kó tún un tò kí kọfí tó tutù.

Èkejì, tuntun. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàárin.
Bó bá ṣàìsàn, kọ̀ǹpútà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò,
kọ̀ǹpútà ọ̀hún kì í sì í wá sílé aláìsàn.

Mo ṣí ìwé mi.
Láti abúlé dé àgọ́ ẹja, àlọ àti àbọ̀,
gálọ̀nù mẹ́fà ni ògbólógbòó wa ń mu: ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.
Àlòkù yìí, ọmọ ìyá rẹ̀ ni.
Tuntun yóò mu mẹ́ta ààbọ̀.
Dọ́là mẹ́jọ ni gálọ̀nù kan lọ́dọ̀ wa,
bí ọkọ̀ epo bá tètè dé kí odò tó dì.
Ogún dọ́là nìyẹn, tí kò ní jóná sórí omi nírìn àjò kan.
Ìrìn àjò ogójì nígbà ooru:
ẹgbẹ̀rin. Kí ọdún márùn-ún tó pé,
owó tí a fi lé e yóò ti padà wálé.
Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Evon wá bi mí, jẹ́jẹ́, láìgbójú sókè:
“Ìgbà mélòó ni wọ́n jẹ́ ká dẹ àwọ̀n lọ́dún tó kọjá?”

Mẹ́wàá.
Àwọn aláṣẹ ní ẹja sámọ́nì kò pọ̀ mọ́,
kí oníkálukú ká àwọ̀n rẹ̀ sílé.
Ìgbà mẹ́wàá. Igba dọ́là. Ogún ọdún.
Ogún ọdún sí i, orúnkún Evon ńkọ́?
Ẹ̀rọ kò lè bá ni ṣọ́ epo tí a kò rà.
Odò là ń wò ká tó ra ẹ̀rọ;
odò tí mo wò kọ sínú ìwé, odò ìgbà èwe mi ni.

Ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ńkọ́,
tí ẹran múùsì kún ọkọ̀ dé ẹnu,
tí epo tán níbi tí odò ti yà bàrà nísàlẹ̀ àgọ́ Olinka?
Òkùnkùn. Yìnyín tínrín ń há ara ọkọ̀ bí eyín eku.
A dùbúlẹ̀ sórí ẹran nítorí pé ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́,
omi ń gbé wa lọ síbi tó wù ú.
Abẹ́ ìlà wo ni kí n kọ ìyẹn sí?

Wassillie ri ìdí tuntun bọ inú àgbá omi.
Mo dúró, kó tan án.
Mo ní, ìgbà wo lo fẹ́ tan án?
Ó ní, “Ó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́.”
Omi inú àgbá ń gbọ̀n lóòótọ́,
mo sì ń gbọ́ èémí Evon,
bó ṣe máa ń mí bí owó bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹgbẹ̀ẹ́dógún la kó wá. Ìyókù, gbèsè.
Mo ya ojú ewé ìṣirò náà,
mo fi nu òróró kúrò lọ́wọ́ ọkọ mi,
òróró àlòkù,
tí kò tíì yéé fọwọ́ pa lórí.